Booker T. Washington: Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Fi Ìgbálẹ̀ San Owó Ilé-Ìwé

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí èmi náà kọ nǹkan sí i, ohun tí wọ́n ń retí ni pé kí n kọ nípa bọ́ọ̀lù, torí orí pápá ni púpọ̀ nínú yín ti mọ̀ mí. Ẹ má bínú, bọ́ọ̀lù á dúró di ọdún mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, ó sì kan gbogbo wa.

Ẹnìkan wà ní kíláàsì wa tó máa ń pẹ́ dé. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní fọ́ọ̀mù kẹta á rántí rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mi ò gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́ láti òru títí ilẹ̀ fi máa ń mọ́, ibẹ̀ ló ti ń rí owó ilé-ìwé rẹ̀ san. Bó bá dé, fúláwà á ṣì wà lẹ́yìn etí rẹ̀. A wá sọ ọ́ ní Fúláwà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, á ti sùn lọ lórí tábìlì. Wọ́n nà án títí, àwa náà fi í rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí a wọ fọ́ọ̀mù kẹrin, a ò rí i mọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè. Èmi náà ò béèrè.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a jáde, ìwé kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, ìtàn ayé Booker T. Washington, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tó sì jáde ní 1901. Nígbà tí mo kà á dé ibi tó ti sọ̀rọ̀ aago, mo pa ìwé náà dé, mo jókòó, Fúláwà ni mo ń rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin náà fún yín. Ẹ ó bá ọ̀rọ̀ aago yẹn níwájú.

Oko ọ̀gá aláwọ̀ funfun kan tó ń jẹ́ Burroughs ni wọ́n bí i sí, ní Hale's Ford, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní ọdún 1856. Ẹrú ni wọ́n bí i. Jane ìyá rẹ̀ ló ń dáná fún gbogbo oko náà. Òyìnbó kan ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n rí títí ó fi kú. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán ni inú ilé wọn, orí àkísà ni wọ́n sì ń sùn. Ẹ̀wù tí wọ́n ń rán fún ẹrú nígbà náà, tó bá ṣì jẹ́ tuntun, bí ẹ̀gún ló ń gún ara. Àmọ́ John ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń bá a kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù tuntun náà fún ọjọ́ mélòó kan, títí tí á fi rọ̀, kó tó gbé e fún un. Ẹ fi John yìí sọ́kàn.

Iṣẹ́ tó mú un dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé lákọ̀ọ́kọ́ ni pé òun ló ń bá ọmọ ọ̀gá rẹ̀ gbé ìwé. Á gbé ìwé náà dé ẹnu ilẹ̀kùn, á yọjú wo àwọn ọmọ tó jókòó sínú, á sì padà sóko. Òfin kò gbà á láyè láti kọjá ibẹ̀.

Ní 1865 ogun parí, wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Ọkọ ìyá rẹ̀, Washington Ferguson, ti ṣáájú lọ sí Malden ní West Virginia, ó sì ránṣẹ́ pè wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi rìn, ẹrù wọn wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ fi rin èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá rò pé òmìnira ti dé, ìgbádùn ti dé, ẹ sọ fún un kó ní sùúrù. Ibi tí wọ́n ti ń se iyọ̀ ni wọ́n kó Booker àti John lọ, Booker kò sì tíì pé ọdún mẹ́wàá. Nígbà mìíràn, aago mẹ́rin òru ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àgbá iyọ̀ tí ọkọ ìyá rẹ̀ bá dì, nọ́ńbà 18 ni olórí òṣìṣẹ́ máa ń kọ sí i lára. Nọ́ńbà yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n kà láyé. Kò mọ A, kò mọ B, ó mọ 18.

Ìyá rẹ̀ wá ìwé ABD kan fún un, ìwé Webster tí èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Kò sí aláwọ̀ dúdú kan nítòsí wọn tó mọ̀wé kà nígbà náà, kò sì fẹ́ lọ bá òyìnbó. Ó jókòó ti ìwé náà, ó sì há èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà rẹ̀ sórí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò wá dá owó jọ láti gba olùkọ́ kan, inú ọmọ dùn, àṣé ọkọ ìyá rẹ̀ ní ẹ̀rọ̀ mìíràn. Owó tí ọmọ náà ń mú wálé láti ibi iyọ̀ pọ̀ lójú rẹ̀ ju ìwé lọ. Ó ní kò sí ilé-ìwé. Booker a máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ níwájú ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó bẹ olùkọ́ náà, olùkọ́ sì gbà láti máa kọ́ ọ lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀, ọkọ ìyá rẹ̀ fara mọ́ ọn pé kó máa lọ sí ilé-ìwé ọ̀sán fún oṣù díẹ̀, tó bá lè ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ kùtù títí di aago mẹ́sàn-án, kó sì tún padà wá ṣe wákàtí méjì, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí. Wàyí o, aago mẹ́sàn-án gan-an ni ilé-ìwé ń bẹ̀rẹ̀, ilé-ìwé sì jìnnà sí ibi iyọ̀. Bó bá jáde ní mẹ́sàn-án, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé, nígbà mìíràn wọ́n á tilẹ̀ ti ka ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tán. Kí lọmọ ṣe? Aago kan wà ní ọ́fíìsì tí gbogbo òṣìṣẹ́, tí wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún, fi ń ṣiṣẹ́. Láràárọ̀, Booker á yọ́ wọlé, á sún ọwọ́ aago náà láti mẹ́jọ ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án, á sì gba ilé-ìwé lọ. Ó ṣe é lọ́jọ́ kìíní, ó ṣe é lọ́jọ́ kejì, ó sọ ọ́ di àṣà. Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn fura pé nǹkan kan ń ṣe aago yìí, ó sì kó o sínú àpótí, ó tì í pa.

Kì í ṣe pé mo ń yin irọ́ pípa o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Òun náà kò yin ara rẹ̀ lórí rẹ̀. Ohun tó wí ni pé kò ní í lọ́kàn láti ni ẹnikẹ́ni lára, ó kàn fẹ́ débẹ̀ lásìkò ni. Ìdajì wákàtí péré ló jà fún. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ ni mo bi ara mi léèrè pé, Fúláwà tí a ń nà torí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ló ń já kúrò lẹ́nu rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa?

Nígbà tó kúkú wọ kíláàsì, ìṣòro méjì ló bá níbẹ̀. Gbogbo ọmọ tó kù ló dé fìlà, òun ò ní. Ìyá rẹ̀ ò lówó fìlà ọjà, ó sì rán aṣọ méjì pọ̀ fún un, ó fi dé e lórí. Ó gbé e dé ilé-ìwé tìdùnnú-tìdùnnú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. (Àwa yìí náà nìyẹn.) Ìkejì, nígbà tí olùkọ́ ń pe orúkọ, ó gbọ́ pé orúkọ méjì méjì, àwọn kan mẹ́ta, ni àwọn ọmọ ń jẹ́. Booker nìkan ni tirẹ̀. Kí olùkọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ro ó, nígbà tí wọ́n sì bi í, ó dáhùn láìmikàn pé Booker Washington ni. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ pé ìyá òun ti sọ òun ní Taliaferro láti kékeré, ó sì fi T náà sáàárín.

Ilé-ìwé ọ̀sán náà kò tọ́jọ́. Wọ́n tún yọ ọ́, ó di lẹ́sìn alẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà mìíràn, bó bá rí ẹni tó máa kọ́ ọ, á bá a pé olùkọ́ náà kò mọ̀ ju òun lọ. Ó máa ń rin ọ̀pọ̀ máìlì lóru kí ó lè rí ẹni tí yóò gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ọmọ inú kòtò èédú, níbi tí ó tó máìlì kan gbáko láti ẹnu ihò dé ibi tí wọ́n ti ń wa èédú, nínú òkùnkùn biribiri. Bí fìtílà rẹ̀ bá kú síbẹ̀, á máa táràrà kiri títí ẹnìkan á fi rí i.

Ibẹ̀ ló ti fetí kọ́ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn awakùsà méjì ń sọ̀rọ̀ nípa ilé-ìwé ńlá kan ní Virginia tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, níbi tí ọmọ tálákà ti lè fi iṣẹ́ san owó oúnjẹ àti ibùsùn rẹ̀. Hampton ni orúkọ rẹ̀. Kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, kò mọ bó ti jìnnà tó, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò ní ibòmíràn lọ́kàn mọ́.

Kó tó lọ, ó kúrò nínú èédú, ó di ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́dọ̀ Ìyáàfin Viola Ruffner, ìyàwó ọ̀gágun tó ni ibi iyọ̀ náà. Dọ́là 5 lóṣù. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọmọ kì í pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ obìnrin yìí tí á fi sá lọ, torí kò fẹ́ ìdọ̀tí, kò fẹ́ ìlọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ irọ́. Booker fara dà á. Ìyáàfin yìí ló kọ́ ọ bí wọ́n ti ń gbálẹ̀ tí ilẹ̀ á mọ́ lóòótọ́, ó sì tún fún un láyè kó máa lọ sí ilé-ìwé fún wákàtí kan lójúmọ́ ní àwọn oṣù òtútù kan. Ó kó àpótí pákó kan tó rí jọ, ó la ìhà kan rẹ̀, ó fi ṣe pẹpẹ ìwé.

Ní 1872, ó gbéra lọ sí Hampton. Nǹkan bí 500 máìlì ni. Àwọn àgbàlagbà àdúgbò, tí wọ́n ti ṣe ẹrú láti kékeré, kò rò pé àwọn á fojú rí ọjọ́ tí ọmọ àwọn á lọ sí ilé-ìwé tí yóò máa gbé níbẹ̀. Ẹlòmíràn fún un ní sẹ́ǹtì 5, ẹlòmíràn fún un ní aṣọ ìnujú. Owó rẹ̀ tán lójú ọ̀nà. Òtẹ́ẹ̀lì kan kọ̀ láti gbà á nítorí awọ ara rẹ̀, ó sì ń rìn kiri títí ilẹ̀ fi mọ́ kí òtútù má baà pa á. Nígbà tó dé Richmond, ó ṣì ku máìlì 82, kò ní kọ́bọ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà pákó tí àwọn èèyàn ń rìn kọjá lórí rẹ̀ ló sùn sí, báàgì rẹ̀ ló fi ṣe ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ kejì ó rí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń já irin nínú rẹ̀, ó tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀, wọ́n sì gbà á. Ọjọ́ mélòó kan ló fi ṣe é, àmọ́ abẹ́ pákó yẹn náà ló ń padà lọ sùn, kí owó lè ṣẹ́kù.

Sẹ́ǹtì 50 ló gbé dé Hampton. Ẹ wo ẹni tó rin ìrìn àjò báyìí, tí kò wẹ̀ dáadáa, tí kò rọ́ aṣọ pààrọ̀. Mary Mackie, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn olùkọ́, wò ó, kò gbà á, kò sì lé e. Ó ń gba àwọn mìíràn wọlé níṣojú rẹ̀. Wákàtí mélòó kan kọjá kó tó ní kó gbé ìgbálẹ̀, kó lọ gbá yàrá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin ará, ìdánwò àbáwọlé rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó ti jẹun lọ́wọ́ Ìyáàfin Ruffner! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbá yàrá náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fi aṣọ nu gbogbo pákó, bẹ́ǹṣì, tábìlì àti ara ògiri. Ó sún gbogbo àga kúrò, ó gbá abẹ́ wọn. Obìnrin náà wọlé, ó yọ aṣọ ìnujú rẹ̀, ó fi nu ara pákó àti orí tábìlì. Kò rí ekuru kankan. Ó ní òun rò pé wọ́n á gba ọmọ yìí. Wọ́n sì tún fi ṣe agbálẹ̀ ilé-ìwé náà, kó lè máa rí owó oúnjẹ rẹ̀ san.

Iṣẹ́ agbálẹ̀ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Yàrá tó ń tọ́jú pọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ wọ ọ̀gànjọ́, aago mẹ́rin ìdájí ló sì gbọ́dọ̀ ti jí láti dáná sí àwọn yàrá kó lè gbóná, kó tún rí àyè díẹ̀ ka ìwé rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan ló ní. Bó bá dọ̀tí, á fọ̀ ọ́ lálẹ́, á sá a sí ẹ̀gbẹ́ iná, á tún wọ̀ ọ́ láàárọ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì onípákáǹleke aṣọ méjì kò yé e rí, lálẹ́ àkọ́kọ́ ó sùn sábẹ́ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, lálẹ́ kejì ó sùn sórí méjèèjì, ìgbà tó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tó mọ̀ pé àárín wọn ni wọ́n ń sùn sí.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ nìyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tó ń sọ ìtàn yìí máa ń fò. Gbogbo iṣẹ́ agbálẹ̀ yìí kò tó o. Owó oúnjẹ àti ibùsùn jẹ́ dọ́là 10 lóṣù, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń san án. Owó ẹ̀kọ́ gan-an jẹ́ dọ́là 70 lọ́dún, kò sì sí bí ìgbálẹ̀ ṣe lè pa iyẹn. Ọ̀gágun Armstrong, tó dá Hampton sílẹ̀ ní 1868, ló bá a wá ọkùnrin kan ní New Bedford, ní Massachusetts, S. Griffitts Morgan, tó san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí ó fi jáde. John ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó bá a wọ ẹ̀wù ẹlẹ́gùn-ún níjọ́sí, wà nínú kòtò èédú tó ń fi ìwọ̀nba tó bá rí ránṣẹ́ sí i. Aṣọ tó ń wọ̀, inú àgbá aṣọ tí àwọn aláàánú fi ránṣẹ́ láti Àríwá ló ti wá. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé ọmọ tó bá ṣe gírí á dá ara rẹ̀ kàwé jáde, ẹ bi í pé ta ni Morgan rẹ̀.

Nígbà ìsinmi àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn lọ sílé, òun ò lówó ọkọ̀. Ó rí iṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan ní Fortress Monroe, àmọ́ owó iṣẹ́ náà kò ju owó oúnjẹ rẹ̀ lọ púpọ̀. Gbèsè dọ́là 16 ló jẹ ilé-ìwé, gbogbo èrò rẹ̀ ni pé kí òun tó wọlé padà, òun á ti san án. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ó rí dọ́là 10 tuntun ṣáṣá lábẹ́ tábìlì kan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ fi han ẹni tó ni ilé oúnjẹ náà. Inú ti onílé náà dùn, ó sì ṣàlàyé pé níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ilé òun ni, òun ló ni ín, ó sì fi sápò. Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi, gbogbo wọn ni wọ́n ní àwọn ò bá má fi hàn án! Booker lọ bá Ọ̀gágun Marshall tó jẹ́ akápò ilé-ìwé, ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un, akápò sì ní kó wọlé, kó san án nígbà tó bá rí i. Bí akápò náà bá ti ní kó padà sílé lọ wá owó, ìtàn ti parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún kejì, ó lọ sí Malden. Kò síṣẹ́ nílé, iṣẹ́ iyọ̀ ti dúró. Níbi tó ti ń wá iṣẹ́ kiri ni ilẹ̀ ti ṣú bá a, ó sì wọ ilé àlòkù kan láti sùn. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, John wá a débẹ̀ láti sọ fún un pé ìyá wọn ti kú lóru náà. Ó máa ń dùn ún pé òun kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni lẹ́tà Mary Mackie dé pé kó padà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí ilé-ìwé tó wọlé, kó wá ṣe ìmọ́tótó. Ó lọ. Obìnrin tó jẹ́ olórí olùkọ́ yìí fúnra rẹ̀ dúró tì í, tí àwọn méjèèjì jọ ń fọ fèrèsé.

Ní 1875 ó jáde ní Hampton. Kò lówó, ó sì gba iṣẹ́ agbóúnjẹ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Connecticut. Kò mọ iṣẹ́ náà rárá. Àwọn olówó mẹ́rin tàbí márùn-ún kan bú u débi pé ó sá kúrò nídìí tábìlì, wọ́n sì já a sípò akó-àwo. Ó fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún, wọ́n dá a padà. Lẹ́yìn náà ló di olùkọ́ ní Malden, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́wàá alẹ́, torí ó ní lẹ́sìn alẹ́ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n sì pọ̀ tó àwọn ti ọ̀sán. Ohun tó fi owó rẹ̀ ṣe ni pé ó rán John lọ sí Hampton.

Ní 1879 Armstrong pè é padà sí Hampton láti wá kọ́ni. Àwọn ọmọ kan ń wá tí wọn ò ní nǹkankan rárá, kódà tí wọn ò lè rí ìwọ̀nba owó táṣẹ́rẹ́ tó kù lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n dá lẹ́sìn alẹ́ sílẹ̀ fún wọn, Booker ni wọ́n fi ṣe olùkọ́ rẹ̀. Wákàtí 10 ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, àwọn ọkùnrin níbi ìlagi, àwọn obìnrin níbi ìfọṣọ. Wákàtí 2 ni wọ́n ń kàwé lálẹ́. Owó wọn wà lọ́wọ́ akápò, kí wọ́n lè fi wọ kíláàsì ọ̀sán lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Àwọn 12 ló bẹ̀rẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí aago ìparí ẹ̀kọ́ lù, nígbà mìíràn wọ́n á bẹ̀ ẹ́ pé kó fi díẹ̀ kún un. Ó sọ wọ́n ní kíláàsì àwọn onígboyà. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ọ̀gá wa: ọkùnrin tó mọ bí oorun ti ń ṣe ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú, orúkọ ìyìn ló fún irú wọn.

Ní 1881 wọ́n ní kí Hampton fi ẹnìkan ránṣẹ́ sí Tuskegee, ní Alabama, láti dá ilé-ìwé sílẹ̀. Dọ́là 2,000 lọ́dún ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí, owó oṣù olùkọ́ nìkan sì ni. Kò sí ilẹ̀, kò sí ilé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún náà, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 30 nínú ahéré kan tó ń jò. Bí òjò bá ń rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan á dìde, á ya agboòrùn bò ó lórí kó lè máa kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ra oko kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ ro ó, wọ́n ní ìwé làwọn bá wá. Ó gbé àáké lé èjìká, ó ṣáájú wọn wọ igbó. Àwọn òbí ń kọ lẹ́tà pé àwọn ò rán ọmọ àwọn wá ṣiṣẹ́ oko. Wọ́n ń sun bíríkì fún ilé wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni iná bà á jẹ́, ó lọ fi aago rẹ̀ dógò ní dọ́là 15 láti tún un ṣe, ìkẹrin ló jó dáadáa. Aago náà kò padà wá mọ́. (Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ aago ṣe ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn!) Lẹ́yìn náà ó dá lẹ́sìn alẹ́ sílẹ̀ ní Tuskegee náà, wákàtí 10 iṣẹ́, wákàtí 2 ìwé, bíi ti Hampton.

Ìyókù ìtàn rẹ̀, ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní Atlanta ní 1895 sọ ọ́ di gbajúmọ̀, ní 1901 Ààrẹ Roosevelt pè é wá jẹun alẹ́ ní ilé ìjọba, ariwo ńlá sì sọ ní Gúúsù. Àwọn aláwọ̀ dúdú kan kò fara mọ́ ọn. Du Bois, ọ̀mọ̀wé tó ti Harvard jáde, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1903 pé ọkùnrin yìí ń fi ẹ̀tọ́ ìbò àti ẹ̀kọ́ gíga tàfàlà. Èmi rò pé òótọ́ wà lọ́dọ̀ Du Bois. Àṣírí tó sì tú lẹ́yìn ikú Washington ni pé ó ti ń fi owó ran àwọn tó ń pe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ìbò lọ́wọ́ ní bòókẹ́lẹ́, láìjẹ́ kí orúkọ rẹ̀ hàn síta.

Bákan náà, mo ti ro ọ̀rọ̀ wákàtí 10 àti wákàtí 2 yìí dáadáa. Kì í ṣe ètò tí mo lè gbà fún ọmọ tèmi. Ìwé wo ni ọmọ tó ti la igi láti àárọ̀ fẹ́ kà lálẹ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni Washington fi ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, ó sì gbó kó tó dàgbà. Ọmọ ọdún 59 péré ni nígbà tó kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn rárá, ó la èyí, ó sì rí i pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní àyè nínú kíláàsì, kì í ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹrù ìwé ẹlòmíràn.

Ní oṣù Kọkànlá 1915, àìsàn dá a dúró ní New York. Àwọn dókítà sọ fún un pé kò ní pẹ́ mọ́. Ó ní Gúúsù ni wọ́n ti bí òun, ibẹ̀ ni òun ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni òun á kú sí. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú irin. Ó dé Tuskegee lóru, ó sì kú ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14, kí ilẹ̀ tó mọ́. Inú ọgbà ilé-ìwé náà ni wọ́n sin ín sí. Nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ló wà níbẹ̀ nígbà náà, àti ilé tó lé ní 100, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló fi ọwọ́ ara wọn sun bíríkì rẹ̀.

Ó ku ìkéde kan. Mo ti béèrè Fúláwà ní ilé búrẹ́dì tó ti ṣiṣẹ́, ilé náà ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà. Ẹnìkan sọ fún mi pé ó ti ṣí lọ sí apá Òkè-Ògùn, ẹlòmíràn ní Kọ̀tọ̀nù ni. Ẹni tó bá mọ ibi tó wà nínú yín, kó jọ̀wọ́ fi ìwé yìí hàn án, kó sì sọ fún un pé ó ní àga láàárín wa ní ìpàdé tó ń bọ̀, kódà bí kò bá jáde pẹ̀lú wa. Èmi ni mo ní kó wá. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni mo fẹ́ fi kí i.